Ìdàkọ Dátà Lójú-ẹsẹ̀ àti Ìgbapò Kọ̀ǹpútà Apèsè: Ìdí Tí Ẹ̀dà Nìkan Kò Fi Tó

Ìfáárà

Àkọsílẹ̀ tí ilé-ìfowópamọ́, ilé-ìwòsàn àti ilé-ẹ̀kọ́ gíga fi ń ṣiṣẹ́ lóde òní kì í sábà sí nínú fáìlì orí pẹpẹ mọ́. Inú kọ̀ǹpútà ni ó wà. Kọ̀ǹpútà tí ó ń tọ́jú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí ó sì ń dá àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn lóhùn nígbà tí wọ́n bá béèrè fún un, ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní server. Kọ̀ǹpútà apèsè ni àpilẹ̀kọ yìí yóò máa pè é. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá wo máàkì rẹ̀ lórí fóònù, tàbí tí oníṣòwò kan bá fi owó ránṣẹ́ láti Ìbàdàn sí Èkó, kọ̀ǹpútà apèsè kan níbìkan ni ó dá a lóhùn. Bí kọ̀ǹpútà náà bá kú lójijì, bí iná bá jó ilé tí ó wà, tàbí tí ẹnì kan bá ṣèèṣì pa ohun tí ó wà nínú rẹ̀ rẹ́, iṣẹ́ yóò dúró, àkọsílẹ̀ sì lè lọ ráúráú. Ní ilé-ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò fi orí fá irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò bá rí èsì ìdánwò rẹ̀ gbà kò ní ohun tí yóò fi wá iṣẹ́, kò sì ní èyí tí yóò fi wọ Yunifásítì.

Láti dènà irú àdánù báyìí, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ máa ń ní ju kọ̀ǹpútà kan lọ fún iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ohun tí wọ́n bá kọ sínú àkọ́kọ́ ni wọ́n ń dà kọ sínú èkejì lójú-ẹsẹ̀, kí èkejì lè bọ́ sí ipò àkọ́kọ́ nígbà tí àkọ́kọ́ bá kú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí ẹ̀dà bá ti wà, wàhálà ti tán. Ohun tí ó jẹ àpilẹ̀kọ yìí lógún ni láti ṣàlàyé bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ó sì fi hàn, pẹ̀lú àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó wáyé ní gbangba láàárín ọdún 2001 sí 2024, pé iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó wà níbẹ̀, àti pé èyíkéyìí nínú wọn tí a kò bá tíì dán wò, a kò tíì ní in.

Àwọn Ìperí Pàtàkì

Kí àlàyé lè yé tẹrú-tọmọ, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ìtumọ̀ àwọn ìperí tí yóò máa jẹ yọ. Àkọ́kọ́ ni ìdàkọ. Láti ara 'dà kọ' ni a ti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ yìí nípa lílo àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ 'ì-'. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni kí a máa mú gbogbo ìyípadà tí ó bá wáyé nínú kọ̀ǹpútà kan kí a sì máa tún un ṣe nínú òmíràn. 'Ìṣẹ̀dá' kò bá iṣẹ́ yìí mu, nítorí pé ohun tí kò sí tẹ́lẹ̀ ni à ń ṣẹ̀dá, nígbà tí ó jẹ́ pé ohun tí ó ti wà ni à ń dà kọ. Ohun tí ìdàkọ bá bí ni ẹ̀dà.

Ìkejì ni ìgbapò. 'Gba' àti 'ipò' ni ó wọnú ara wọn, tí ìpajẹ fáwẹ́lì sì wáyé, kí àfòmọ́ 'ì-' tó kún un. Ìgbapò ni kí kọ̀ǹpútà tí ó wà ní ìmúrasílẹ̀ bọ́ sí ipò èyí tí ó kú, kí ó sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ìkẹta ni ẹ̀dà àfipamọ́. Èyí ni ẹ̀dà tí a ṣe ní àkókò kan pàtó, bí àpẹẹrẹ ní òru àná, tí a sì gbé pa mọ́ sí ibòmíràn láìjẹ́ kí ìyípadà òní kàn án. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹ̀dà lásán àti ẹ̀dà àfipamọ́ ṣe kókó gan-an nínú àpilẹ̀kọ yìí: ẹ̀dà lásán ń bá ti àkọ́kọ́ rìn ní ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú, ẹ̀dà àfipamọ́ sì dúró sí ojú kan bí àwòrán tí a yà.

Bí Ìdàkọ Lójú-ẹsẹ̀ Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Iṣẹ́ alájọ lè mú kí ọ̀rọ̀ yìí yéni dáadáa. Alájọ tí ó ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ lọ́jà máa ń ní ìwé ńlá lọ́wọ́, oníbàárà rẹ̀ náà sì ní káàdì. Bí oníbàárà bá dá owó ọjọ́ náà, alájọ yóò fàlà sí káàdì, yóò sì fàlà sí ìwé ńlá kí ó tó kúrò níbẹ̀. Bí òjò bá pa káàdì, ìwé ńlá wà. Bí ìwé ńlá bá sọnù, káàdì wà. Ìdí tí ètò yìí fi dúró ṣinṣin ni pé ibi méjì ni àkọsílẹ̀ kan náà wà, ọwọ́ ẹni méjì ni ó sì wà.

Bákan náà ni ó rí nínú kọ̀ǹpútà apèsè. Kí ètò tí ń tọ́jú àkójọ dátà tó yí ohunkóhun padà, yóò kọ́kọ́ kọ ohun tí ó fẹ́ ṣe sínú ìwé-ìtẹ̀lé kan ní ẹsẹẹsẹ: yọ 5,000 náírà kúrò nínú àkáǹtì ẹni báyìí, fi í kún àkáǹtì ẹni ọ̀hún. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá ṣe é. Ìwé-ìtẹ̀lé yìí ni ó ń fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà kejì, tí kọ̀ǹpútà kejì sì ń tún gbogbo rẹ̀ ṣe bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn. Níwọ̀n ìgbà tí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn méjèèjì bá dọ́gba, tí wọ́n sì ń ṣe ohun kan náà ní ìtẹ̀léra kan náà, ìparí wọn yóò dọ́gba. Ètò PostgreSQL, tí kì í ṣe títà, ti ní irú ìdàkọ aṣànbíomi yìí láti ìgbà tí ẹ̀yà 9.0 rẹ̀ jáde ní ọdún 2010. MySQL náà ní ìwé-ìtẹ̀lé tirẹ̀ tí ó ń fi ṣe irú iṣẹ́ kan náà.

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà ṣe ìdàkọ yìí. Ti àkọ́kọ́ ni ìdàkọ adúródèsì. Nínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ kò ní sọ fún oníbàárà pé iṣẹ́ ti parí títí kọ̀ǹpútà kejì yóò fi dáhùn pé òun náà ti kọ ọ́. Èyí ni ti alájọ tí kì í kúrò ní ìsọ̀ àfi bí ó bá fàlà sí ibi méjèèjì. Èkejì ni ìdàkọ aláìdúró. Nínú èyí, kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ yóò dá oníbàárà lóhùn lọ́gán, ìwé-ìtẹ̀lé yóò sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ó jọ alájọ tí ó ń fàlà sí káàdì lọ́sàn-án, tí ó sì ń kọ ìwé ńlá nígbà tí ó bá délé lálẹ́. Ó yá ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n bí káàdì bá bómi lọ kí alẹ́ tó lẹ́, owó ọjọ́ náà kò sí lákọsílẹ̀ níbì kankan.

Ọ̀nà Jíjìn àti Àkókò

Ẹnikẹ́ni lè béèrè pé kí ló dé tí gbogbo ènìyàn kò fi kúkú máa lo ìdàkọ adúródèsì. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìrìn ìmọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń gbé dátà gba inú okùn dígí, ìyára rẹ̀ nínú dígí sì tó nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti Èkó sí Ìbàdàn tó nǹkan bí 130 kìlómítà. Àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ kò ju ìdá kan àti díẹ̀ nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ṣùgbọ́n kébù MainOne tí ó gba abẹ́ òkun láti Èkó dé ilẹ̀ Pọtogí gùn tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà. Àlọ àti àbọ̀ lórí rẹ̀ tó ìdá 70 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá. Bí iṣẹ́ kan bá gbọ́dọ̀ dúró de èkejì lórí àkáǹtì kan náà, èyí tí ẹ̀dà rẹ̀ wà ní Ìbàdàn lè ju 700 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí èyí tí ẹ̀dà rẹ̀ wà ní ilẹ̀ Pọtogí kò ní ju 14 lọ. Kò sí owó tí a lè san láti mú ìmọ́lẹ̀ yára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, bí ẹ̀dà bá sún mọ́ tòsí, ìdàkọ yóò yá, ṣùgbọ́n jàǹbá kan náà lè mú àwọn méjèèjì. Bí ó bá jìnnà, jàǹbá kan kò ní lè mú wọn pọ̀, ṣùgbọ́n ìdàkọ yóò fà sẹ́yìn. Ìbéèrè méjì ni olórí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dáhùn kí ó tó yan èyí tí yóò ṣe. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: àkọsílẹ̀ ìṣẹ́jú mélòó tàbí wákàtí mélòó ni a lè fara mọ́ kí ó sọnù? Èkejì ni pé: báwo ni iṣẹ́ ṣe lè dúró pẹ́ tó kí ó tó di àdánù tí kò ṣe é gbà? Ìdáhùn ilé-ìfowópamọ́ yàtọ̀ sí ti ilé ìkàwé. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè méjèèjì yìí kò lè mọ iye owó tí ó yẹ kí òun ná.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú New York ní ọjọ́ 11, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2001 jẹ́ àpẹẹrẹ tí a kò lè gbàgbé. Ilé-iṣẹ́ Cantor Fitzgerald wà ní òkè téńté ọ̀kan nínú ilé gogoro World Trade Center, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ 658 ni ó sì kú ní ọjọ́ kan ṣoṣo. eSpeed, ẹ̀ka rẹ̀ tí ó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ètò rírà àti títà ìwé-ẹ̀yáwó ìjọba, pàdánù ibùdó dátà tí ó wà nínú ilé náà. Ṣùgbọ́n ibùdó mìíràn tí ó ní ẹ̀dà iṣẹ́ náà wà ní Rochelle Park, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, lódì kejì odò. Nígbà tí ọjà ìwé-ẹ̀yáwó tún ṣí ní ọjọ́ 13, oṣù náà, eSpeed wà lára àwọn tí ó bá a ṣí. Kò sí ẹ̀dà fún àwọn ènìyàn tí ó lọ. Ohun tí ìmúrasílẹ̀ lè gbà là ni ó gbà là.

Òdìkejì rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ìlú Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé. Ní ọjọ́ 10, oṣù kẹta, ọdún 2021, iná sọ nínú ọgbà ibùdó dátà ilé-iṣẹ́ OVHcloud. Ọ̀kan nínú ilé mẹ́rin tí ó wà níbẹ̀ jó tán, apá kan nínú òmíràn sì bà jẹ́. Lára àwọn oníbàárà ni àwọn tí ẹ̀dà àfipamọ́ wọn wà nínú ọgbà kan náà pẹ̀lú ojúlówó, tí méjèèjì sì bá iná lọ. Bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ibi tí ojúlówó wà kò lè jẹ́ ibi ààbò fún ẹ̀dà rẹ̀.

Ìgbapò àti Ewu Ọba Méjì

Bí ẹ̀dà bá wà, tí ó sì jìnnà tó, ìbéèrè tí ó kù ni pé ta ni yóò sọ pé àkókò tó kí ẹ̀dà di ojúlówó. Ní Àkúrẹ́ àti ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, bí ọba bá wàjà, adelé, tí ó sábà máa ń jẹ́ ọmọbìnrin ọba, ni ó ń tọ́jú ìlú títí a ó fi fi ọba tuntun jẹ. Ṣùgbọ́n adelé kì í dédé gun orí ìtẹ́ nítorí pé ó pe ọba lẹ́ẹ̀kan tí ọba kò dáhùn. Àwọn àgbà ìlú gbọ́dọ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọba ti wàjà.

Ìṣòro yìí gan-an ni ti ìgbapò. Kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ a máa fi ìró kékeré ránṣẹ́ lóòrèkóòrè láti fi hàn pé òun wà láàyè. Bí ìró náà bá dákẹ́, ó lè jẹ́ pé ó ti kú. Ó sì lè jẹ́ pé ó wà láàyè, ojú-ọ̀nà tí ó wà láàárín òun àti èkejì ni ó já. Kọ̀ǹpútà kejì kò lè dá mọ ìyàtọ̀. Bí ó bá gba ipò nígbà tí àkọ́kọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́, ọba yóò di méjì láàfin kan: àwọn oníbàárà kan yóò máa kọ dátà sí ibí, àwọn mìíràn yóò máa kọ ọ́ sí ọ̀hún, àkọsílẹ̀ méjèèjì yóò sì máa takora.

Ọgbọ́n méjì ni àwọn onímọ̀ ń dá sí èyí. Èkíní ni ìdìbò. Wọn yóò fi kọ̀ǹpútà mẹ́ta tàbí márùn-ún ṣe afọbajẹ. Kò sí èyí tí yóò gba ipò àfi bí ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìyẹn méjì nínú mẹ́ta tàbí mẹ́ta nínú márùn-ún, bá fọwọ́ sí i. Iye tí kò ṣe é pín sí méjì dọ́gba ni wọ́n ń lò, kí ìhà méjì má baà ní ìbò kan náà. Èkejì ni títi ti àtijọ́ sóde. Kí kọ̀ǹpútà tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọn yóò gba agbára ìkọ̀wé lọ́wọ́ ti àtijọ́, tàbí kí wọ́n kúkú pa iná rẹ̀, kí ó má baà jí padà kí ó sì máa pàṣẹ. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò wá darí àwọn oníbàárà sí àdírẹ́sì tuntun.

Síbẹ̀, ìdìbò nìkan kò tó. Ní ọjọ́ 21, oṣù kẹwàá, ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ GitHub, níbi tí àwọn olùkọ ètò kọ̀ǹpútà káàkiri àgbáyé ń tọ́jú iṣẹ́ wọn sí, ń pààrọ̀ ẹ̀rọ okùn dígí kan tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́ ní ìhà ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Fún ìṣẹ́jú àáyá 43 péré, ojú-ọ̀nà já láàárín ibùdó dátà wọn ní ìhà náà àti ibi tí ó ti ń bá ìyókù sọ̀rọ̀. Ètò tí ń ṣe ìgbapò fún wọn dìbò bí ó ti tọ́ kí ó ṣe, ó sì gbé ipò àkọ́kọ́ lọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn. Nígbà tí ojú-ọ̀nà padà bọ̀ sípò, wọ́n rí i pé ìhà ìlà-oòrùn ti kọ àwọn dátà kan sílẹ̀ tí ìwé-ìtẹ̀lé rẹ̀ kò tíì dé ìwọ̀-oòrùn, nígbà tí ìwọ̀-oòrùn náà ti ń gba dátà tuntun. Nínú ọ̀kan lára àwọn àkójọ dátà tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù, irú ìkọsílẹ̀ tí kò kọjá bẹ́ẹ̀ jẹ́ 954. Wọ́n yàn láti jẹ́ kí iṣẹ́ falẹ̀ ju kí àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn sọnù lọ. Wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 11 ni ó gbà wọ́n kí gbogbo nǹkan tó padà bọ̀ sípò. Ìṣẹ́jú àáyá 43 ni ó bí i. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé ìdàkọ aláìdúró àti ìgbapò tí kò béèrè lọ́wọ́ ènìyàn lè tako ara wọn, bí ẹnì kan kò bá ti jókòó ṣírò ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìhà méjèèjì bá pínyà.

Ẹ̀dà Tí Ń Da Àṣìṣe Kọ

Bí alájọ bá ṣèèṣì fàlà méjì níbi tí ó yẹ kí ó fà á sí ẹyọ kan, tí ó sì dà á kọ sínú ìwé ńlá lójú-ẹsẹ̀, àṣìṣe náà ti wà ní ibi méjì. Ìdàkọ kò mọ rere yàtọ̀ sí búburú. Àṣẹ tí ó ní kí a fi dátà kún un àti èyí tí ó ní kí a pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, bákan náà ni wọ́n ṣe ń rìn. Ìdí nìyí tí ẹ̀dà lásán kò fi lè gba iṣẹ́ ẹ̀dà àfipamọ́ ṣe.

Ìṣẹ̀lẹ̀ ilé-iṣẹ́ GitLab, tí iṣẹ́ rẹ̀ jọ ti GitHub, fi hàn bí ohun gbogbo ṣe lè yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní alẹ́ ọjọ́ 31, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2017, iṣẹ́ pọ̀ jù lórí àkójọ dátà wọn, kọ̀ǹpútà kejì sì fà sẹ́yìn títí tí ìdàkọ fi dúró. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan ń gbìyànjú láti bẹ̀rẹ̀ ìdàkọ náà lákọ̀tun. Inú kọ̀ǹpútà kejì ti ṣófo nítorí iṣẹ́ àtúnṣe yìí. Ó pàṣẹ kí a pa àwọn fáìlì kan rẹ́, èrò rẹ̀ sì ni pé inú kọ̀ǹpútà kejì ni òun wà. Inú ti àkọ́kọ́ ni ó wà. Kí ó tó dá a dúró, nínú nǹkan bí 300 gígábáìtì, 4.5 ni ó kù.

Wọ́n wá yíjú sí ẹ̀dà àfipamọ́. Ibi tí ó yẹ kí ẹ̀dà ojoojúmọ́ wà ṣófo, nítorí pé ẹ̀yà ètò tí ó ń ṣe é kò bá ẹ̀yà àkójọ dátà wọn mu mọ́, ó sì ti ń kùnà láìsí ẹni tí ó mọ̀. Ìmeèlì tí ó yẹ kí ó ta wọ́n lólobó ni kọ̀ǹpútà tí ń gba ìmeèlì kọ̀ láti gbà wọlé. Nínú ọ̀nà márùn-ún tí wọ́n gbọ́kàn lé fún ìdàkọ àti ìpamọ́, kò sí èyí tí ó ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Ohun tí ó yọ wọ́n ni ẹ̀dà kan tí òṣìṣẹ́ kan ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní nǹkan bí wákàtí mẹ́fà ṣáájú nítorí iṣẹ́ mìíràn. Àkọsílẹ̀ wákàtí mẹ́fà náà lọ: iṣẹ́ bí 5,000, àsọyé bí 5,000 àti orúkọ oníbàárà tuntun bí 700 ni ó kàn. GitLab kò fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́. Wọ́n jẹ́ kí gbogbo ayé máa wo bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe, wọ́n sì kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ síta ní kíkún. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́ pé ẹ̀dà àfipamọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí wò rí kò yàtọ̀ sí àpótí òfìfo tí a ti kọ́kọ́rọ́ sí.

Ojú-ọ̀nà Náà Gbọ́dọ̀ Jẹ́ Méjì

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ni àwọn àgbà wí. Ẹ̀dà tí ó jìnnà kò wúlò bí ọ̀nà tí ó lọ síbẹ̀ bá jẹ́ ẹyọ kan, tí ọ̀nà náà sì já. Ìhà Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà mọ èyí ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2024. Ní ọjọ́ náà, kébù abẹ́ òkun mẹ́rin, ìyẹn WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bà jẹ́ ní àgbègbè òkun Abidjan ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Íntánẹ́ẹ̀tì falẹ̀ tàbí kí ó kú pátápátá ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè lo ètò ilé-ìfowópamọ́ lórí fóònù wọn.

Kì í ṣe ilé tí ó jó ni ó fa èyí, kì í sì í ṣe kọ̀ǹpútà apèsè tí ó kú. Okùn dígí tí ó wà láàárín oníbàárà àti apèsè ni ó já. Kébù Equiano ti Google, tí ó gúnlẹ̀ sí Lomé àti Èkó ní ọdún 2022, kò sí lára àwọn tí ó bà jẹ́. Àwọn tí ó ti ní àdéhùn láti gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀ rí ibi yà sí. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ kò ṣòro. Kébù mẹ́rin lórí ìwé lè jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo bí wọ́n bá jọ gba ojú òkun kan náà. Bákan náà ni ti ilé-iṣẹ́ tí ó ra íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ méjì láìmọ̀ pé kébù kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò.

Ohun Tí Ó Kan Olùkọ́ àti Ilé-ẹ̀kọ́

Ilé-ẹ̀kọ́ kò nílò ibùdó dátà méjì kí ó tó lè fi àwọn ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ṣiṣẹ́. Máàkì akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, tí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà nínú fúláàṣì inú dúrọ́ọ̀ tábìlì kan náà, wà nínú irú ewu tí ó bá àwọn oníbàárà ìlú Strasbourg. Bí olè bá gbé kọ̀ǹpútà, yóò ṣí dúrọ́ọ̀. Ẹ̀dà kan gbọ́dọ̀ wà ní ilé mìíràn, òmíràn gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ìyípadà òní kò lè kàn, ẹnì kan tí a mọ orúkọ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ máa ṣí wọn wò ní sáà kọ̀ọ̀kan láti rí i pé wọ́n ṣe é kà. Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 pàápàá ka agbára láti tètè dá dátà ènìyàn padà sípò lẹ́yìn jàǹbá mọ́ àwọn ìgbésẹ̀ ààbò. Dátà akẹ́kọ̀ọ́ sì jẹ́ dátà ènìyàn.

Fún olùkọ́ tí ó fẹ́ kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí ní èdè Yorùbá, kò di dandan kí iná mànàmáná wà. Kí ó pe akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta síwájú kíláàsì pẹ̀lú ìwé àti gègé. Èkíní yóò máa kọ àwọn iye tí kíláàsì bá ń pè sílẹ̀, yóò sì máa kà á sókè fún èkejì láti dà kọ. Ẹ̀kẹta yóò da gbogbo rẹ̀ kọ lẹ́ẹ̀kan ní ìdajì ìdánrawò, yóò sì pa ìwé rẹ̀ dé. Kí olùkọ́ wá ní kí èkíní dákẹ́ lójijì, kí kíláàsì sì pinnu bóyá èkejì lè gba ipò. Lẹ́yìn èyí, kí ó jẹ́ kí èkíní máa kọ lọ láìfọhùn nígbà tí èkejì náà ń kọ, kí wọ́n sì fi ìwé méjèèjì wé ara wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi ojú ara wọn rí ọba méjì. Ní ìparí, kí olùkọ́ pàṣẹ pé kí èkíní pa gbogbo ohun tí ó kọ rẹ́, kí èkejì sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé ẹ̀kẹta nìkan ni yóò kù, kò sì ní pé. Ìdánrawò yìí kò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ó sì kó gbogbo ohun tí àpilẹ̀kọ yìí sọ pọ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti ṣàlàyé pé ìdàkọ, ìgbapò àti ìpamọ́ jẹ́ iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdàkọ ń mú kí àkọsílẹ̀ wà ní ibi méjì, ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn ni ó ń sọ bí yóò ṣe yá tó. Ìgbapò ń mú kí iṣẹ́ máa lọ, ṣùgbọ́n ó nílò ìpinnu tí ó dájú lórí ẹni tí ó wà láàyè àti ẹni tí ó ti kú. Ẹ̀dà àfipamọ́ ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ àṣìṣe ọmọ ènìyàn, èyí tí àwọn méjì yòókù kò lè ṣe. Ní New York, ibùdó kejì ti wà ní sẹpẹ́ kí ọjọ́ ibi tó dé. Ní GitLab, ètò márùn-ún wà lórí ìwé, ẹ̀dà kan tí a kò pète ni ó sì gbà wọ́n là. Ọjọ́ tí nǹkan ń lọ dáadáa ni ó yẹ kí a ṣí ẹ̀dà wò, kí a sì mọ̀ọ́mọ̀ pa kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ láti mọ̀ bóyá èkejì yóò jẹ́ ìpè. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ́fíìsì tirẹ̀ ní òpin sáà yìí ti ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ohun tí wọ́n lè má mọ̀ láéláé pé ó ṣe.